Ibà Pọ̀ Ju Ẹyọ Kan Lọ

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ara gbóná, orí ń fọ́, ọ̀pọ̀ wa á ti pè é ní ibà, a ó sì ti dé ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísìtì. Ní oṣù Keje ọdún 2014, wọ́n gbé ọkùnrin kan láti pápákọ̀ òfurufú lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Èkó. Ibà ẹ̀fọn ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Adadevoh fura, ó kọ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló fi hàn gbangba pé Ebola ni. Ìgbà yẹn ni ìjọba tó mọ ohun tí wọ́n ń bá jà, tí wọ́n sì ń wá gbogbo ẹni tó ti fara kan aláìsàn náà kiri. Nígbà tó di ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola. Ẹ̀mí dókítà yẹn lọ sí i, ó sì tọ́ kí orúkọ rẹ̀ má parẹ́ láé. Àwọn tó wọ ibọ̀wọ́, tí wọ́n ṣí ìgò ẹ̀jẹ̀ náà ńkọ́? Ta ló ń dárúkọ wọn?

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe ní láàbù ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Ẹ má sọ láàbù di ibi tí ẹ̀ ń sá sí nígbà tí máàkì JAMB kò bá gbé yín dé ẹ̀ka dókítà. Báyọ́lọ́jì, kẹ́mísìrì àti físíìsì kan náà lẹ máa fi wọlé. Ọdún márùn-ún ni ní yunifásítì, ọdún kan sì tún wà fún ìkọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, ẹ wádìí bóyá MLSCN, àjọ tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà.

Òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Bí ẹnì kan ní láàbù bá ṣì kọ AA fún ọmọge tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS, ọmọge náà lè fi ọkàn balẹ̀ fẹ́ ọkùnrin AS. Gbogbo ìgbà tó bá sì lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ náà á jẹ́ SS. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n ṣì kọ, egungun ọmọ ọlọ́mọ ló máa máa ro ó.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń da èsì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nígbà pírákítíkà kẹ́mísìrì, kó kọ́kọ́ jáwọ́ ńbẹ̀. Ìwọ tó máa ń tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta torí pé ti àkọ́kọ́ àti ìkejì kò bára mu, ìwọ gan-an ni iṣẹ́ yìí ń wá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, lọ bẹ ọ̀gá láàbù tó wà nítòsí yín, kó jẹ́ kó o wo bí wọ́n ṣe ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan.