Ojú Oko Ni Àyẹ̀wò Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ fẹ́ máa kó kòkó Ìjerò, Arámọ̀kọ́ àti Ẹ̀fọ̀n lọ sókè òkun, mo gbọ́ pé ìwé ni ẹ ń sáré kiri. Ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ní NEPC, àjọ tó ń rí sí ọjà títà sókè òkun, ẹ ti mọ ọ̀nà ilé-iṣẹ́ NAQS tó ń fún ohun ọ̀gbìn ní ìwé ẹ̀rí, ẹ sì ti rí ẹni tí yóò bá yín gbé ẹrù gba èbúté Àpápá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kò sí ìwé tó lè sọ kòkó tó ti bu di kòkó gidi, Òyìnbó á sì tún un yẹ̀ wò bó bá gúnlẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ wo ohun tó dé bá ẹ̀wà wa. Lóṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos, oògùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ òtapiapia tí à ń rà lọ́jà. Ìwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà kò ju 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan lọ. Èyí tí wọ́n bá lára ẹ̀wà wa wà láàárín 0.03 sí 4.6. Ọdún kan ni wọ́n kọ́kọ́ pe òfin náà, wọ́n tún fi ọdún mẹ́ta lé e. Ẹni tó fọ́n oògùn àti ẹni tí kò fọ́n, wọ́n jọ jìyà rẹ̀ ni.

Ní ti kòkó, àwa tí a dàgbà sídìí rẹ̀ mọ Gamalín 20 dáadáa. Lindane ló wà nínú rẹ̀, ayé sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ṣì rí i rà, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ béèrè oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́wọ́ CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìbàdàn.

Bí ẹ bá fọ́ kòkó tán, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí ẹ máa rò ó pọ̀. Ẹni tó bá kánjú sá a, inú kòkó rẹ̀ á rí bí eérú. Ọ̀bẹ ni aláyẹ̀wò yóò sì fi mọ̀: á ṣa 300 hóró, á là wọ́n ní gígùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí kòkó tó lè jẹ́ onípò kìíní, èyí tó bu kò gbọdọ̀ ju 3 nínú 100 lọ, èyí tí inú rẹ̀ rí bí eérú náà kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Kòkó tó gbẹ dénú, bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ bí èèpo rẹ̀ ṣe ń fọ́ lábẹ́ ìka.

Ẹ wá dákun, ẹ yé sá kòkó lórí títì! Mo mọ̀ pé ọ̀dà ọ̀nà Ìtàwúré máa ń gbóná dáadáa, ẹnìkan kì í sì í gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹrin ọdún 2013 ni Yúróòpù ti ń wá èròjà èéfín àti ọ̀dà nínú kòkó. Ẹ tẹ́ ẹní, tàbí kí ẹ kan pẹpẹ. Iná igi tí àwọn kan ń dá sábẹ́ kòkó nígbà òjò, bákan náà ni.

Òfin tuntun tún ń bọ̀: kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 wá kò ní wọ Yúróòpù mọ́. Wọ́n ti sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti di òpin ọdún 2026 fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ẹ má torí ìyẹn sùn. Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ bá bàbá yín rìn yí oko ká, kí ẹ gba àmì ibi tó wà sílẹ̀ kí kòkó tó gbó. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, gbogbo ààlà rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí.