Píkọ́ọ̀pù Tuntun Kò Ní Àkísà

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, n kò ní í fi ọjọ́ ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkísà ọkọ̀ ló wà nílẹ̀. Ohun tí ojú ń rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tó ohun tí í múnú bí ènìyàn: píkọ́ọ̀pù tíà-rọ́bà á dúró gbagidi sí ẹ̀gbẹ́ títì Adéníji Adélé, bọ́nẹ́ẹ̀tì á ṣí sílẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìjókòó rẹ̀ kò tíì kúrò, páálí mílíìkì àti ọṣẹ á kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́nu, àwọn alábàárù á sì máa já ẹrù náà sórí ọmọlanke. Rẹ̀wáyà á dúró níwájú ẹ́ńjìnnì, á káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tó wá kí ìdílé olókùú. Kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò gbó, kò fara gbá nǹkan kan. Iná kékeré kan ló tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì sì kọ̀, kò jí mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi píkọ́ọ̀pù Ìsàlẹ̀ Èkó wé ti ẹni tó fẹ́ gbé tirẹ̀ lọ sóde àríyá ní Lẹ́kí. Ìyà ń jẹ ọkọ̀ ní erékùṣù yìí. Ìdájí ló ń jí, á kó ọjà ní Òkè-Àrín tàbí Èbúté Èrò, á wọ inú àdúgbò tí ọmọlanke méjì kò ti lè yà fún ara wọn, á ti inú ibẹ̀ bọ́ sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ afárá Carter, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná lójú kan, táyà kò sì ní í yí. Ẹrù tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe é fún, ti tọ́ọ̀nù méjì la ó dì sí i. Atẹ́gùn ọ̀sà tó níyọ̀ nínú á máa jẹ ẹnu wáyà rẹ̀, òjò á sì rọ̀ tí omi ojú títì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ tó bá ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe kó má bàjẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé, ní ọjọ́ tó bá bàjẹ́, wákàtí mélòó ni yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́?

Ibẹ̀ ni àkísà ti wúlò. Ládípọ̀ ni àká àkísà Èkó. Ẹni tó bá dé ọjà náà ní Mushin á rí òkìtì jíà bọ́ọ̀kìsì àti rédíétọ̀, á rí iná iwájú tí wọ́n so rọ̀ bí ẹran ọjọ́ ọdún, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló wá látara ọkọ̀ tó ti kú sí òkè òkun. Bẹ́líjíọ̀ọ̀mù là ń pè wọ́n, ì báà jẹ́ Dubai ni wọ́n ti kó wọn wá. Ayédèrú tuntun là ń pè ní Táíwàn. Ọkọ̀ tí òkú rẹ̀ bá pọ̀ ní Ládípọ̀ ni alààyè rẹ̀ ń pẹ́ láyé. Hilux, píkọ́ọ̀pù Toyota, ti ń jáde láti ọdún 1968, òkú rẹ̀ kò lóǹkà. Mẹkáníìkì àdúgbò kò ka ìwé rẹ̀ rí; á fetí sí i, á ní kí wọ́n wakọ̀ náà lọ síwájú díẹ̀, á sì sọ pé bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Ó ti tú u, ó ti tò ó, láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Peugeot 504 náà rí bẹ́ẹ̀ láyé ìjọ́hun. Ọdún 1968 kan náà lòun náà jáde, ilé iṣẹ́ PAN ní Kàdúná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó nílẹ̀ wa ní 1975. Ọkọ̀ àpọ́nlé ni 504 píkọ́ọ̀pù, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká gbàgbé oore. Ó ru iṣu, ó ru sìmẹ́ńtì, ó ru òkú lọ sí ìlú rẹ̀, páànù àti wáyà lásán sì ni wọ́n fi ń rán an lẹ́nu ọ̀nà títí tó fi ń délé.

Ẹnìkan á ní, ṣebí ọkọ̀ tuntun ní wáráńtì. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní i. Wáráńtì á san owó páàtì, kò ní í san owó ọjọ́ tó ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ìyá ọlọ́jà Òkè-Àrín ṣe ń ṣe é. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ta nínú àwa oníṣòwò kéékèèké ni báńkì fẹ́ yá lówó ní èlé tó dín sí 30? Ẹni tó bá yá mílíọ̀nù 20 náírà ní ìdá 30, mílíọ̀nù 6 ni èlé ọdún kan ṣoṣo, ìyẹn 500,000 lóṣooṣù, kò sì tíì fọwọ́ kan ojú owó gan-an. Bí a bá fi ọjọ́ iṣẹ́ 26 pín in, èlé lásán lé ní 19,000 lójúmọ́. Wàyí o, kí ọkọ̀ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n máa retí páàtì kan tó ń bọ̀ láti Ṣáínà tàbí Jàpáànù: èlé ọjọ́ 18 ti di nǹkan bí 346,000, ọlọ́jà náà á tún máa háyà kórópe tí yóò máa bá a kó ẹrù, oníbàárà tí kò lè dúró á sì ti bá ẹlòmíràn lọ. Ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe kì í sábàá sí ní erékùṣù yìí. Ẹ̀yìn afárá ni. Tí ẹ bá sì ní kí mẹkáníìkì àdúgbò fọwọ́ kàn án kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n lè sọ pé ẹ ti fọwọ́ ara yín ba wáráńtì jẹ́.

Àtakò kejì ló nílárí jù, òun náà ló sì jẹ́ kí n rí i pé òwe yìí kò pé tó bí a ti ń pa á. Wọ́n á ní, àkísà náà kọ́ ni tókunbọ̀ fúnra rẹ̀? Òótọ́ ni. Kí oṣù Kẹfà ọdún 2023 tó dé, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 470 náírà lọ lọ́jà ìjọba. Ọdún 2024 kò tíì parí tó fi lé ní 1,500. Láti ìgbà náà, owó tó ń ra tókunbọ̀ tí kò tíì gbó tẹ́lẹ̀ kò ra arúgbó ọkọ̀ dáadáa mọ́. Arúgbó ọkọ̀, tí wọ́n ti yí máìlì rẹ̀ padà, tí wọ́n kun ín ní ọ̀dà kó lè máa dán, tí ìdí rẹ̀ sì ti jẹrà nítorí iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín! Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ nítorí pé páàtì wà ní Ládípọ̀, Ládípọ̀ ni yóò di ilé rẹ̀. Àkísà àgbà wúlò láti fi rán aṣọ. A kì í wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà.

Àléébù òwe náà tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbà pé àgbà ń gbé àkísà rẹ̀ kiri, pé ibi tí orúkọ ńlá bá dé ni ìrírí á dé. Nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, irọ́ ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Toyota, tó jẹ́ àgbà àwọn àgbà, kéde pé òun ń pe nǹkan bí 102,000 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ni píkọ́ọ̀pù Tundra ti ọdún 2022 àti 2023. Èérún irin tó kù sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ́ńjìnnì lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀, kó sì pa á sójú ọ̀nà. Orúkọ Tundra ti pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ V8 tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n fi V6 oní-turbo méjì dípò rẹ̀. Ọmọ tuntun ló wọ agbádá bàbá rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, General Motors náà pe nǹkan bí 600,000 padà níbẹ̀ nítorí ẹ́ńjìnnì V8 lítà 6.2. Èyí tó kan wa gbọ̀ngbọ̀n ni ti Ọsirélíà: láàrin oṣù Kẹwàá ọdún 2015 sí oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọkọ̀ oní-díísù 264,170 ni Toyota tà níbẹ̀, Hilux, Fortuner àti Prado, tí àsẹ́ tí ń gba dúdú èéfín lára wọn kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ní 2022, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ ibẹ̀ dá a pé wọn kò tó ohun tí à ń tà fún ènìyàn. Yàtọ̀ sí àbùkù yẹn, irú àsẹ́ bẹ́ẹ̀ lápapọ̀ sábàá ń fẹ́ kí ọkọ̀ sáré gidi lójú ọ̀nà gbọọrọ kó tó gbóná dé ibi tí yóò ti jó ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀. Níbo ni ọkọ̀ tó ń ti Ìdúmọ̀tà lọ sí Apọ́ngbọ̀n yóò ti rí irú eré bẹ́ẹ̀ sá? Ẹ má bi olùtajà bóyá Hilux ni. Ẹ bi í bóyá ó ní àsẹ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọdé kan wà tó jẹ́ pé àkísà àgbà ló wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Tunland ti Foton jáde láti Ṣáínà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Cummins lítà 2.8. Great Wall náà fi ìran ẹ́ńjìnnì Mitsubishi, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti tú tò láìmọye ìgbà, sínú píkọ́ọ̀pù tirẹ̀. Ẹni tó bá gbójú kúrò lára irú wọn nítorí pé orúkọ wọn ṣàjèjì ti fi ọ̀lẹ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ló yẹ ká máa kà, ká fi ti orúkọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń kọ ìpolówó. Ọ̀rọ̀ Innoson tó ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Nnewi ní 2010, tó sì ń ṣe píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú, kò yàtọ̀: ọmọ ilẹ̀ wa ni, inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà la ó bi í, ta ló ní páàtì rẹ̀ lọ́wọ́ ní Èkó lónìí?

Wọ́n á tún ní, bí gbogbo wa bá ń sá fún tuntun, báwo ni yóò ṣe ní àkísà láé? 504 náà ṣe ọmọdé rí. Ó ṣe é, àmọ́ ẹ rántí ẹni tó sọ aṣọ rẹ̀ di àkísà fún un: ìjọba ló ń rà á fún ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà, owó ìlú sì ni wọ́n fi gbó o. Kí ilé iṣẹ́ tó ní ogún ọkọ̀ ra mẹ́ta nínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, bí ọ̀kan bá kú, mọ́kàndínlógún á máa ṣiṣẹ́. Ọlọ́jà tó jẹ́ pé píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni oúnjẹ ọmọ rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Kí ó dúró fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ó máa wo èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà lẹ́ẹ̀kejì. Bí iṣẹ́ kò bá sì lè dúró, kí ó wá tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dàgbà.

Kí kọ́bọ̀ kan tó bọ́ sọ́wọ́ olùtajà, kí ọlọ́jà náà fún mẹkáníìkì rẹ̀ ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, kí ó kọ orúkọ páàtì márùn-ún sórí ìwé fún un: páḿpù epo, kílọ́ọ̀ṣì, rédíétọ̀, iná iwájú, bíréènì bọ́ọ̀kìsì. Kí mẹkáníìkì náà mú un lọ sí ìsọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní Ládípọ̀, kí ó dárúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún rẹ̀, kí ó sì dákẹ́. Bí wọ́n bá nawọ́ sẹ́yìn tí wọ́n gbé e jáde, kí ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ó jẹ́ káwọn pe ọ̀gá àwọn ní Dubai, kí ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìsọ̀ bá wo ojú rẹ̀, tó ní, "Ẹ ní mọ́tò wo?", kí ó rọra wọ danfo padà sí Ìdúmọ̀tà.