Bí Sẹ́ẹ̀lì Ara Ṣe Ń Gbé Èérún Mì, Tí Ó Sì Ń Tú U Jáde

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọmọdé kan nínú kíláàsì bá bi wá léèrè pé ibo ni èéfín ń lọ lẹ́yìn tí a bá ti fà á símú, èsì wo ni a ó fún un? Láti Gáńbíà títí dé Kamẹrúùnù, igi ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa ṣì fi ń dáná. Nítorí náà ìbéèrè náà kì í ṣe ti eré.

Lára ohun tí ó wà nínú èéfín ni èérún tí kò tó 100 nánómítà ní ìbú. Bí a bá gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ̀ tó nǹkan bíi 7,000 nánómítà. Ẹ gbé ẹyọ ẹ̀wà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ńlá, ẹ ó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Awọ sẹ́ẹ̀lì rọ̀. Nígbà tí èérún bá kàn án, awọ náà a tẹ̀ wọnú bí ẹ̀bà tí a fi ìka tẹ̀. Etí rẹ̀ a pàdé, èérún a sì wà nínú àpò kékeré kan. Christian de Duve, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó sọ irú gbígbémì yìí ní endocytosis ní 1963. Òun kan náà ni ó ti fún lysosome ní orúkọ ní 1955, èyí tí mo fẹ́ràn láti máa pè ní ikùn sẹ́ẹ̀lì, nítorí ibẹ̀ ni a ti ń da ohun tí àpò náà gbé wá. Ohun tí kò bá dà lè ṣẹ́kù síbẹ̀, tàbí kí àpò padà sí etí awọ, kí ó ya ẹnu, kí ó sì tú ẹrù rẹ̀ síta.

Ṣùgbọ́n gbogbo sẹ́ẹ̀lì kọ́ ni ó ń jẹun bákan náà. Sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti gbó kì í gbé èérún mì báyìí. Àwọn tí ó tẹ́ inú ìfun ń bù ú díẹ̀díẹ̀. Alájẹkì ni èyí tí à ń pè ní macrophage: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gbé àjèjì mì. Ní 1882, ní Messina ní ilẹ̀ Ítálì, Elie Metchnikoff ki ẹ̀gún bọ inú ọmọ ẹran òkun kan tí ó rí bí ìràwọ̀. Ní ọjọ́ kejì ó rí irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti yí ẹ̀gún náà ká.

Ìtóbi èérún náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Toronto ní Kánádà fún irú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ní èérún wúrà láti 14 dé 100 nánómítà. Èyí tí ó jẹ́ 50 ni ó wọlé jù lọ. Èyí tí ó kéré jù kò lè mú awọ tẹ̀ dáadáa. Èyí tí ó tóbi jù ń gba àyè púpọ̀ lórí awọ. Ní ti ìjáde, àwọn kékeré ni ó máa ń yá.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí èéfín wa. Macrophage inú ẹ̀dọ̀fóró a gbé e mì. Púpọ̀ nínú wọn a sì bá kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gòkè wá sí ọ̀fun. Ẹ̀dú kì í dà nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní Màláwì, àwọn oníwádìí rí i ní dúdú nínú macrophage àwọn tí ń fi igi dáná. Bí ẹrù yìí bá pọ̀ jù, sẹ́ẹ̀lì náà lè má lè gbé kòkòrò àrùn mì bí ó ti yẹ.

Fínfín ara tí àwọn àgbà wa ń fín kò yàtọ̀. Ní 2018, àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé fi eku hàn pé nígbà tí macrophage tí ó di dúdú fínfín mú bá kú, a tú u sílẹ̀, macrophage tuntun a sì tún gbé e mì ní ojú ibẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí fínfín ìyá àgbà kì í fi í parẹ́ títí di ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.