Ta Ni Ó Ṣe É, Kí Ni Ó Fà Á? Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú Fíìmù October 1 àti Ìlò Rẹ̀ nínú Iyàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù October 1 tí Kúnlé Afọláyan darí, tí ó sì jáde ní ọdún 2014. Èròńgbà wa ni láti fi hàn pé eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó wọ inú ọkàn ẹ̀dá lọ wúlò fún kíkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ní agbègbè Lẹ́kì àti Ajah, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onírúurú ẹ̀yà ti ń jókòó pọ̀. Ọ̀nà ìfiwéra ni a lò: a gbé fíìmù náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìtàn àròsọ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti ti Kọ́lá Akínlàdé. Ohun tí a rí ni pé fíìmù náà gbé ìbéèrè kejì, èyí tí í ṣe “kí ni ó fà á?”, lékè ìbéèrè “ta ni ó ṣe é?” tí ó gbajúmọ̀ nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ìfáàrà

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ọ́ di òfin pé kí a máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ náà, ti ìjọba àti ti aládàáni. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè mú kí ẹ̀kọ́ wu ọmọ. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀tì-Ọ̀sà, pàápàá láti Lẹ́kì títí dé Ajah àti Sangotedo, ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í gbọ́ Yorùbá nílé. Bẹ́ẹ̀ sì ni wíwo sinimá ti di ara ìgbé-ayé wọn, pàápàá láti ọdún 2005 tí ilé ìtajà The Palms ti ṣí ní Lẹ́kì. Olùkọ́ tí ó bá gbọ́n yóò gba ibi tí ọkàn ọmọ wà dé ibi tí ẹ̀kọ́ wà.

Nígbà tí òǹkọ̀wé yìí lọ ṣe àbẹ̀wò sí akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan ní Ajah, ìtàn October 1 ni ó ń fi ẹnu sọ fún kíláàsì SS2. Ó dá ìtàn dúró ní àárín, ó sì béèrè ẹni tí àwọn ọmọ fura sí. Ohùn wọn papọ̀ pé àlejò tí ó ti Òkè Ọya wá ni. Ọmọ kan ṣoṣo ni kò dáhùn. Ọmọ Hausa ni, ó sì gbọ́ Yorùbá ju púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ ọmọ yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí.

Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú Lítíréṣọ̀ Yorùbá

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe àjèjì sí wa. Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969, ó sì kọ Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971. Lápàdé, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ni ó ń wá àwọn ọ̀daràn kiri nínú ìwé méjèèjì. Akínlàdé náà kọ Ta Ló Pa Ọmọọba? ní ọdún 1971 àti Owó Ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 1976. Nínú irú ìtàn yìí, ohun márùn-ún ni ó sábà máa ń fara hàn: ọ̀ràn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àwọn afurasí, àmì atọ́ka àti ìtúdìí àṣírí. Òǹkọ̀wé a tún máa da àmì aṣinilọ́nà sí i kí òǹkàwé má baà tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ohun tí ó ń mú inú òǹkàwé dùn jù lọ níbẹ̀ ni ìfọgbọ́nwádìí àti eré sísá. Owó àti ojúkòkòrò ni ó sábà máa ń fa ọ̀ràn. Ọ̀nà tí October 1 gbà yàtọ̀ sí èyí.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Túndé Babalọlá ni ó kọ eré náà. Ibùdó ìtàn ni Àkòtè, ìlú kan nínú ilẹ̀ Yorùbá, ní ìgbà tí òmìnira ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1960 ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìlárá-Mọ̀kín ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Ẹnì kan ń pa àwọn ọmọbìnrin. Ìjọba òyìnbó rán Danladi Waziri, ọlọ́pàá ọmọ Hausa, láti wá tú àṣírí náà kí ọjọ́ òmìnira tó pé. Sadiq Daba tí ó ṣaláìsí ní ọdún 2021 ni ó kópa Waziri.

Wọ́n kọ́kọ́ fura sí ọmọ Òkè Ọya kan tí ó jẹ́ àlejò nílùú. Ẹ̀rí kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú Waziri, ṣùgbọ́n baba ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa kò dúró de òfin. Ó ṣá afurasí náà pa. Ìpànìyàn kò sì dáwọ́ dúró. Ní ìkẹyìn, àṣírí tú pé Ọmọọba Adérọ́pò ni apànìyàn. Òun ni àrólé ọba, ọ̀mọ̀wé tí gbogbo ìlú ń fi yangàn. Táwá, olùkọ́ tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni ó fẹ́ pa gbẹ̀yìn kí wọ́n tó dá a dúró.

Àlejò Tí Ó Fi Ojú Rẹ̀ Ríran

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Fíìmù yìí yí òwe náà padà. Àlejò méjì ni ó wà nínú ìtàn: ọ̀kan kú láìṣẹ̀, èkejì ni ó rí ohun tí onílé kò rí. Onílé kò lè rí i nítorí pé kò fẹ́ rí i. Ta ni yóò fura sí ọmọ ọba tí ó kàwé? Òwe tí ó bá ìtàn yìí mu jù lọ ni pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Ní ti ọnà ìtàn, afurasí àkọ́kọ́ jẹ́ àmì aṣinilọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́mìí ni àmì yìí, àṣìṣe ìlú sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwa òǹwòran tí a bá wọn fura sí i kò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́ pátápátá. Ibí ni eré náà ti kúrò ní àlọ́ àpamọ̀ lásán.

Ọgbẹ́ Kan, Ọ̀nà Méjì

Kí ni ó wá sọ Adérọ́pò di apànìyàn? Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, a fi òun àti Àgbẹ̀kọ̀yà, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sábẹ́ ìtọ́jú àlùfáà òyìnbó kan kí wọ́n lè kàwé. Àlùfáà náà fi ipá bá wọn lò pọ̀. Wọn kò rí ẹni sọ fún. Inú tí ó bàjẹ́ ní ìgbà èwe ni ó di ọ̀bẹ ní ìgbà àgbà.

Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Kúnlé Afọláyan fúnra rẹ̀ kópa rẹ̀. Ọgbẹ́ kan náà ni wọ́n dá sí òun náà lára. Ó kẹ̀yìn sí ìwé, ó di àgbẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni. Ẹnu rẹ̀ ni Waziri ti gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀. Nípa fífi ẹ̀dá-ìtàn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, fíìmù náà ń sọ pé ìdí kì í ṣe àwáwí. Ohun tí a ṣe sí Adérọ́pò burú. Ohun tí òun náà ṣe sí àwọn ọmọbìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ burú.

Irú ìbéèrè yìí wà káàkiri àgbáyé. Nínú Anjaam Pathiraa, fíìmù èdè Malayalam tí ó jáde ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 2020, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá kan bá àwọn ọlọ́pàá wá ẹni tí ó ń pa àwọn ẹgbẹ́ wọn. Níbẹ̀ náà, ìyà tí ó jẹ ìdílé apànìyàn nígbà èwe rẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀ràn. Ìyàtọ̀ October 1 ni pé ó so ọgbẹ́ ẹnì kan mọ́ ti orílẹ̀-èdè. Àrólé adé ni Adérọ́pò. Àwa ni a sì fẹ́ jogún ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó. Nígbà tí Waziri jábọ̀, àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí ayẹyẹ òmìnira. Ìbòmọ́lẹ̀ tí ó bí apànìyàn náà ni wọ́n tún fẹ́ fi sin ín.

Ìlò Rẹ̀ nínú Iyàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́

A dá àbá wọ̀nyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́:

1. Kí olùkọ́ má ṣe gbé odindi fíìmù náà síwájú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ìran ìwà ipá inú rẹ̀ kò yẹ fún ọmọdé. Kí ó fi ẹnu sọ ìtàn náà ní Yorùbá tí ó dán mọ́rán, kí ó sì yan ìran díẹ̀ tí kò léwu.

2. Kí àwọn ọmọ kọ orúkọ afurasí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n kọ ẹ̀rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yà ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ọmọ bá sọ pé “àlejò ni”, kí olùkọ́ béèrè pé: “Kí ni ó ṣe?”

3. Kí wọ́n ka orí kan nínú Àjà Ló Lẹrù, kí wọ́n sì fi Lápàdé wé Waziri ní ti ìfìwàwẹ̀dá.

4. Kí olùkọ́ múra sílẹ̀ de ọmọ tí ìtàn náà bá kan ọgbẹ́ tirẹ̀. Kí ó má bi í léèrè láàárín ẹgbẹ́, kí ó má sì ṣèlérí pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún gbogbo ayé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà láti ọdún 2007, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tí a mọ̀ sí DSVA sì wà fún irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ́ gbà á gbọ́, kí ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tí ó yẹ.

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé October 1 gba gbogbo ìlànà ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí àwọn òǹkọ̀wé wa fi lélẹ̀, ó sì fi ìwádìí inú ọkàn kún un. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀ fún olùkọ́. Àkọ́kọ́ ni pé kí a wá ẹ̀rí kí a tó dá ẹjọ́. Èkejì ni pé ohun tí ọmọdé kò rí ẹni sọ fún kì í tán nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé àbẹ̀wò wa, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ náà parí ìtàn fún kíláàsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹni tí ó ṣe é, ọmọ tí ó dákẹ́ ni ó kọ́kọ́ nawọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: “Ta ni ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ẹbí ọkùnrin tí wọ́n pa?” Ìbéèrè náà yẹ fún àròkọ, kíláàsì náà sì kọ ọ́.