Jíjá, Fífọ́ àti Ìfiwáyàṣí: Ọ̀rọ̀ fún Ṣíṣí Àgádágodo Láìsí Kọ́kọ́rọ́

Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè, ohun tí a sábà ń gbọ́ ni pé wọ́n ‘já’ àgádágodo. Ọ̀rọ̀ yìí kò tó. Ayùn tí ó gé irin, ó já a. Ẹni tí ó ti wáyà bọ ihò kọ́kọ́rọ́ kò já ohunkóhun. Nínú àgádágodo tí ó tẹ̀lé ìlànà Linus Yale Kékeré, ẹni tí ó gba ìwé-àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1861 àti 1865, àwọn ọ̀pá kéékèèké tí spíríǹgì ń tẹ̀ ni kì í jẹ́ kí irin róbótó inú rẹ̀ yí. Wáyà náà ń tì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ojú ìpín wọn yóò fi bá etí irin róbótó náà dọ́gba, gẹ́gẹ́ bí eyín kọ́kọ́rọ́ ìbá ti ṣe. ‘Ìfiwáyàṣí’ ni ó yẹ iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n kí ògbufọ̀ ilé-ẹjọ́ ṣọ́ra. Abala 410 nínú Òfin Ìwà-Ọ̀daràn Nàìjíríà ka ṣíṣí ìlẹ̀kùn, ìbáà ṣe nípa títú àgádágodo rẹ̀ tàbí nípa títì í lásán, mọ́ fífọ́lé. Bí ẹlẹ́rìí láti Abigi ní etí omi bá wí pé ohunkóhun kò fọ́, èyí nìkan kò dá olùjẹ́jọ́ láre. Kí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí pé wọ́n ṣí i láìbà á jẹ́, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún adájọ́.