Àìdọ́gba Alápá Méjì àti Sàká Àgùntàn



Púpọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àáfà pé ẹni tó bá ní àgùntàn 40, tí ọdún sì yí po lórí wọn, yóò yọ ọ̀kan ní Sàká. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Nínú ìwé tí Sàyídínà Abubakar kọ fún Anas nígbà tó rán an lọ sí Bahrain, èyí tó wà nínú àkójọ Bukhari, láti 40 dé 120 ni a ti ń yọ ọ̀kan. Bó bá ti ju 120 lọ, ó di méjì títí dé 200. Bàbá tó ní 130 tó sì yọ ẹyọ kan ti jẹ àgùntàn tálákà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ohun tí ìṣirò ń pè ní àìdọ́gba alápá méjì nìyẹn. Bí n bá dúró fún iye ẹran:

40 ≤ n ≤ 120

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé n kò dín ní 40, kò SÌ ju 120 lọ. Apá méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká ní bàbá rẹ ní ọgbà ẹran mẹ́ta, tí iye àgùntàn inú wọn dọ́gba, tí ewúrẹ́ 10 sì tún wà nílé. (Àpapọ̀ ni a ń ka àgùntàn àti ewúrẹ́ fún Sàká.) Mélòó ló lè wà nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan tí Sàká rẹ̀ yóò fi jẹ́ ọ̀kan? Pe iye inú ọgbà kan ní x:

40 ≤ 3x + 10 ≤ 120

Yọ 10 kúrò níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, má fo ìkankan:

30 ≤ 3x ≤ 110

Fi 3 pín gbogbo rẹ̀:

10 ≤ x ≤ 36⅔

Ṣùgbọ́n kò sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àgùntàn tó ń jẹko! Nítorí náà, láti 10 dé 36 ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ó bá jẹ́ 36, àpapọ̀ jẹ́ 118. Bí ó bá di 37, àpapọ̀ di 121, Sàká ti di méjì nìyẹn.

Ẹni tí iye tirẹ̀ kò bọ́ sí àárín yìí ńkọ́? n < 40 TÀBÍ n > 120. Ẹ má ṣe so méjì yìí pọ̀ sójú ìlà kan. Kò sẹ́ni tí ẹran rẹ̀ lè dín ní 40 kó tún ju 120 lọ. Ti àkọ́kọ́ kò ní Sàká lọ́rùn, ti ìkejì yóò yọ ju ọ̀kan lọ.

Ẹ ṣe èyí fúnra yín: ọgbà 4, ewúrẹ́ 20, Sàká jẹ́ méjì.

120 < 4x + 20 ≤ 200

Kí ló dé tí 26 fi wà nínú ìdáhùn, tí 25 kò sì sí níbẹ̀?