Èdè-Ìperí fún Àbájáde Ìdánwò Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún ìdánwò ètò kọ̀ǹpútà wà kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí a kọ ètò náà lè mọ̀ bóyá àtúnṣe tí òun ṣe ti bà á jẹ́. Python ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èdè ìkọ-ètò tí Guido van Rossum kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, tí ẹnikẹ́ni lè ka àwọn àṣẹ inú rẹ̀, kí ó sì dá àbá àtúnṣe.

Àṣẹ tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ kò gùn. Lórí Linux, ./python -m test ni, lórí Mac,./python.exe -m test ni. Ẹni tí ó bá rí .exe lè rò pé ti Windows ni, kí ó sì pa á tì. Bẹ́ẹ̀ ìdí rẹ̀ kò ṣòro: Mac kì í sábà fi ìyàtọ̀ sáàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré nínú orúkọ fáìlì, àpò kan tí ń jẹ́ Python sì ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Gbólóhùn kan tí ó sọ ìdí yìí sàn ju ìkìlọ̀ mẹ́ta lọ.

Àbájáde ni ó kan àwa atúmọ̀-èdè jù. Bí a bá fi -v kún àṣẹ náà, ẹ̀rọ yóò kọ ok, FAIL, ERROR tàbí skipped sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Ó yá ènìyàn lára láti pe FAIL àti ERROR ní “àṣìṣe”, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Ní ti FAIL, a dé ibi ìfiwéra, ohun tí a rí ni kò bá ohun tí a ń retí mu: a ń retí 4, a rí 5. Ní ti ERROR, ohun tí a kò retí ni ó dá iṣẹ́ dúró, bí ìgbà tí fáìlì tí ó yẹ kí a ṣí kò sí níbẹ̀. Èrò tiwa ni pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní “ìkùnà”, kí a sì pe èkejì ní “ìdílọ́wọ́”. Bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá dúró fún méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi odidi ọjọ́ kan tún ìṣirò tí kò ní àbùkù ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé fáìlì ni ó sọnù.

Fún skipped, “ìfòkọjá” ni a fara mọ́. A kò gbọdọ̀ kà á mọ́ “àyege”: ẹni tí kò jókòó ṣe ìdánwò kò yege, kò sì kùnà. Àwọn ìdánwò tí ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, fún àpẹẹrẹ, kì í wáyé àfi bí a bá fi -u network sí àṣẹ. Síbẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ SUCCESS sí ìsàlẹ̀ èsì tí ìfòkọjá pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí ó bá parí sí “tẹ àṣẹ yìí” kò tí ì pé. Ó yẹ kí ó fi àpẹẹrẹ èsì hàn, kí ó sì sọ irú ìfòkọjá tí kò léwu. Ẹni tí ó tún apá íntánẹ́ẹ̀tì ṣe, tí ó rí SUCCESS láìlo -u network, kò tí ì dán iṣẹ́ rẹ̀ wò tán.